Ìrìn-àjò Ọdẹ́sanmí sí Igbó Àsọnù Nítorí Mọ́tò Asáré Àna Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò, ṣùgbọ́n ẹ má sún mọ́ mi jù, nítorí bí ìtàn bá dùn mọ́ mi lẹ́nu, itọ́ mi a máa rìn jìnnà ju ọ̀rọ̀ mi lọ. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀wà ka iná, kí ó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ báyìí. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ pé òun yóò máa bi mí pé "ṣé òótọ́ ni?", kí onítọ̀hún bọ́ sí ẹ̀yìn agbo. Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni ó ń sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun.

Èmi ni Ọdẹ́sanmí, ọdẹ Òkè-Ewìrì, ọkọ Àwẹ̀ró. Ẹkùn rí mi ní ọ̀sán gangan, ó kí mi kú àárọ̀, nítorí ẹ̀rù ti da àkókò rú mọ́ ọn lójú. Ẹfọ̀n gbọ́ ikọ́ mi, ó ní òun kì í ṣe ẹran, òkúta ni òun. Láwuyì aránṣọ, mo rí ọ níbẹ̀ yẹn tí o ń fi abẹ́rẹ́ ta eyín. Bí o bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, rín in síta kí gbogbo wa jọ gbádùn rẹ̀.

Àna mi, Bàbá Ògúngbèmí alágbẹ̀dẹ, ni ó dá ọ̀ràn yìí sílẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó bá òyìnbó kan tí ń ṣe afárá ṣiṣẹ́. Òyìnbó náà ní mọ́tò asáré kan, pupa bí ata rodo, tí kò ní òrùlé, tí ó rẹlẹ̀ bí ìyàwó tuntun tí ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ. Ènìyàn méjì péré ni ó ń gbà. Ní ọjọ́ kan mọ́tò yìí rì sínú ẹrẹ̀. Ògúngbèmí tì í, ó tún un tì, títí ẹrẹ̀ fi bò ó dé ìpéǹpéjú. Nígbà tí mọ́tò jáde tán, ó bẹ òyìnbó pé kí ó jẹ́ kí òun jókòó nínú rẹ̀ díẹ̀, kí òun mọ bí ó ṣe ń rí lára. Òyìnbó wo ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Ìwọ? Lọ wẹ̀ ná." Ó lọ wẹ̀. Kí ó tó dé, mọ́tò ti lọ.

Láti ìgbà náà ni ó ti búra pé òun yóò fi ọwọ́ ara òun kan irú rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé òun. Ó fi àgbá epo rọ ara rẹ̀, ó fi irin bẹ́ẹ̀dì ṣe egungun rẹ̀, ó yọ ẹ́ńjìnì láti inú takisí àtijọ́ kan tí adìẹ ti ń yé sí. Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀ dàgbà sídìí iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó wa, òórùn kan ń ta sánsán lára rẹ̀, mo ní, "Aya mi, lọ́fínńdà wo nìyí?" Ó ní, "Òróró gíá ni."

Mọ́tò náà kù díẹ̀ kó pé. Ohun tó kù ni kabúrétọ̀, irin tí ó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kí ẹ́ńjìnì lè máa mí. Iná iwájú méjèèjì. Àti sítíárìn tí a ó fi máa tọ́ ọ. A wá wọn títí. Gbogbo ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà mọ́tò ni Àwẹ̀ró dé. Ọkùnrin kan wo àwòrán tí ó fi hàn án, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Màdáámú, mọ́tò yìí ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi." Òmíràn ta kabúrétọ̀ kan fún un tí ó jẹ́ pé ti ẹ̀rọ ìlọta ni.

Ibi tí a dé nìyẹn tí ikọ́ fi gbé Bàbá ṣánlẹ̀. Apá tó ń gbé òòlù wá rọ bí ẹ̀fọ́ tí oòrùn pa. Àwẹ̀ró wọlé wá bá mi, mo ń sọ fún àwọn àlejò bí mo ṣe fi ọwọ́ lásán pa erè.

"Bàbá Tinúọlá," ni ó wí, "gbogbo ìgbà lẹ̀ ń pariwo pé ẹkùn ń sá fún yín. Ẹkùn ò wúlò fún mi. Kabúrétọ̀ ni mò ń wá."

Bàbá náà ké sí mi láti orí ẹní. "Ọdẹ́sanmí! Ohun tí a bá wá láyé tí a kò rí, Igbó Àsọnù ló wà. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó sọnù ń gbé. Wọ́n ní ẹni tó bá lọ kì í bọ̀."

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin wá ń rán mi lọ síbẹ̀?"

Ó ní, "Ìwọ kọ́ ni o fẹ́ ọmọ mi? O rò pé iṣu àti oyin nìkan ni ìdána ni?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, títí Àwẹ̀ró fi kọjú sí ògiri. Èmi tí n kì í sá fún ẹranko, n kò lè wo ẹ̀yìn obìnrin náà. Mo gbé ìbọn mi, mo so àpò aṣáà mọ́ ìdí, mo jáde.

N kò ní fi ìrìn dà yín láàmú. Ẹsẹ̀ mi ló rìn ín, kì í ṣe tiyín. Mo dé Igbó Àsọnù. Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo so jìngbìnnì lórí igi bí èso. Eyín àwọn arúgbó tò sílẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́. Ìlérí àwọn olóṣèlú gbá jọ bí ewé gbígbẹ, mo rì sínú rẹ̀ dé orúnkún. Mo rí ìtìjú Láwuyì náà níbẹ̀, ó kéré débi pé èèrà kan ló ń gbé e lọ. Hẹn, rẹ́rìn-ín nísinsìnyí.

Níbi tí igbó ti ki jù ni mo ti pàdé iwin kan tí ń jẹ́ Imúgbalẹ̀. Imú rẹ̀ tó ilé oníyàrá méjì. Ara rẹ̀ tó kù kò ju ìrù tí a so mọ́ ọn lọ. Mo gbójú sókè, mo rí kabúrétọ̀ nínú ihò imú rẹ̀ apá òsì, ó ń dán bí yẹtí.

Ó ní, "Ta ló ń rùn bí ènìyàn?"

Mo ní, "Èmi Ọdẹ́sanmí ni. Ìwọ kò tíì gbọ́ òórùn ara rẹ ni o fi ń sọ ti ẹlòmíràn. Irin tó wà ní imú rẹ ni mo wá gbà."

Ó ní, "Irin yìí? Òun ló ń po afẹ́fẹ́ dídùn fún mi. Kí n tó rí i, bí mo bá mí, ara mi nìkan ni mò ń gbọ́. Ìwọ lè gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ bí?"

Mo yìnbọn sí i. Ó fa ọta náà símú, ó ní ó ta díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa èémí gidi. Fìlà mi kọ́kọ́ lọ, ìbọn tẹ̀lé fìlà, èmi náà tẹ̀lé ìbọn, ó di inú imú. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ayé ni yín lára, ǹjẹ́ ẹ ti lúwẹ̀ẹ́ nínú ikun imú iwin rí? Bí mo ṣe ń jà raburabu ni mo rí ewúrẹ́ kan tí ó dúró sí igun, ó ń jẹ irun imú bí ẹni jẹ koríko.

Ewúrẹ́ náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fara balẹ̀. A kì í yára níbí."

Mo ní, "O ti pẹ́ níbí?"

Ó ní, "Mo ti bímọ níbí, mo ti di ìyá àgbà níbí. Oúnjẹ kò wọ́n wa, àfi otútù."

Orí mi sọ sí mi lọ́kàn pé kí n tú àpò aṣáà mi. Mo gbọ̀n ọ́n dà sára ògiri imú, mo fi àtẹ́lẹwọ́ rà á mọ́ ọn bí ẹni rẹ́lé. Ní àkọ́kọ́, kẹ́kẹ́ pa. Ìgbà tó yá ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Afẹ́fẹ́ wọlé, ó wọlé, kò jáde. Mo fi ìbọn kọ́ èjìká, mo gbá kabúrétọ̀ mọ́ àyà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ewúrẹ́ fi eyín di etí dàńṣíkí mi mú. Ni Imúgbalẹ̀ bá sín! Ẹ̀yin ènìyàn mi, sísín yẹn tó ìjì ọdún méje tí ó para pọ̀. Mo fò kọjá orí igbó, mo fò kọjá odò, ẹyẹ àwòdì rí mi, ó yà fún mi. Ewúrẹ́ já bọ́ lójú ọ̀nà pẹ̀lú etí dàńṣíkí lẹ́nu. N kò rí i mọ́. Kí Ọlọ́run tọ́jú rẹ̀ níbikíbi tí ó bá wà.

Àárín ìlú kan ni mo já lé. Ìpàkọ́ ni ojú àwọn ará ìlú náà wà. Wọ́n ń rìn síwájú, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ nìkan ni wọ́n ń rí, nítorí náà kò sí ẹni tí iwájú orí rẹ̀ kò wú. Wọ́n ń kọ lu igi, wọ́n ń kọ lu ògiri, wọ́n ń kọ lu ara wọn, wọn a sì ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ìgbà tí mo kọjá lára rẹ ni mo tó rí ọ." Wọ́n mú mi lọ síwájú ọba wọn, tàbí kí n sọ pé ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, n kò mọ apá ibi tí ọlá wà. Mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún ikùn rẹ̀, wọ́n lù mí. Mo yí lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìdí rẹ̀, wọ́n ní mo mọ̀wé.

Lẹ́yìn ààfin ni mo ti rí iná iwájú méjì, gbígbòòrò bí àwo, tí wọ́n gbé kọ́, tí wọ́n kọjú wọn sí ọ̀nà tí àwọn baba ńlá wọn gbà wá. Mo sọ ohun tí mo bá wá.

Ọba ní, "Àlọ́ la fi ń gba nǹkan níbí. Bí o bá já tèmi, tí èmi kò já tìrẹ, o ó gbé wọn lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó gbé ojú rẹ lọ sí ìpàkọ́ kí ìwọ náà lè jẹ́ ènìyàn." Ọkùnrin kan ti ń pọ́n ọ̀bẹ.

Ọba pàlọ́ rẹ̀: "Ó dé gbogbo ìlú, síbẹ̀ kò fi ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ sílẹ̀."

Mo ní, "Kábíyèsí, ọ̀nà ni. Àwọn ọmọ tí ń fa ikun símú nílùú wa mọ ìyẹn."

Ọba tún pa òmíràn: "A lù ú pa, kò kú; a sin ín, kò jẹrà; bí a bá ń lọ, ó ń tẹ̀lé wa."

Mo wo yíká. Mo rí bí gbogbo wọn ṣe ń tẹjú mọ́ ẹ̀yìn, bí àwọn àgbà wọn ṣe ń bínú sí nǹkan tí a kò rí. Mo ní, "Ọ̀ràn àná ni."

Ariwo sọ. Ọba ní ó kàn mí. Mo ro àlọ́ tí mo mọ̀, gbogbo rẹ̀ ti gbó. Mo wá rántí Bàbá Ògúngbèmí lórí ẹní, bí ó ṣe máa ń sọ lójoojúmọ́ pé, "Ọ̀la la ó parí rẹ̀." Mo ní, "Kábíyèsí, ó ń bọ̀ lójoojúmọ́, kò dé rí. Bí ó bá sì dé, orúkọ rẹ̀ á yí padà."

Wọ́n rò ó títí. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn ni, mo ní rárá. Wọ́n ní olówò ni, mo ní rárá. Ọba fúnra rẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀la ni."

Ìyá arúgbó kan bi mí pé, "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Wọn kò ní ọ̀rọ̀ kan fún un, ẹ̀yin ará. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní ibẹ̀ ni àna mi gbé jókòó sínú mọ́tò rẹ̀. Ibẹ̀ ni a gbin iṣu sí. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ga ju wa lọ.

Ọba rọra sọ̀rọ̀, ó ní, "Ǹjẹ́ oúnjẹ wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Kábíyèsí, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń roko."

Ó ní kí wọ́n sọ iná náà kalẹ̀ fún mi. Bí mo ṣe ń lọ, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí àwọn kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ táátàà iwájú orí wọn bí ẹni tí ń wá ilẹ̀kùn.

Ó wá ku sítíárìn. Ọjà Irin-Òkú ni mo ti rí i, níbi tí àwọn mọ́tò tó ti kú ti ń sùn lórí ara wọn bí àgbàdo inú abà. Ẹbọra tó ni ọjà náà ń jẹ́ Ẹ̀yà-fún-Ẹ̀yà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀, kí ẹ tó jẹun alẹ́. Etí mẹ́ta wà lápá kan orí rẹ̀, orúnkún kan wà lọ́rùn rẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀dọ́mọbìnrin tó lé làálì, ti ọ̀tún jẹ́ ti agbẹ́gilódò. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá ọdẹ! Ẹ wọlé, ẹ wọlé! Kí lẹ̀ ń wá? Ojúlówó ni gbogbo tèmi, tòkunbọ̀ tí kò rí òjò rí!"

Ó gbé sítíárìn dúdú kan fún mi. Ó wúwo, ó dán. Ọdẹ kì í gba ohun tí kò tọ́ wò. Mo gé e jẹ. Iṣu ni! Wọ́n fi èédú kùn ún.

Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, iṣu mà ni èyí."

Kò tilẹ̀ tijú. Ó ní, "Iṣu ojúlówó ni." Nígbà tó rí i pé mo ti fa ìbọn sílẹ̀ léjìká, ó wọlé lọ gbé gidi jáde: igi dídán ni etí rẹ̀, irin mẹ́ta ni àárín rẹ̀, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ bí ẹyẹ. Mo mọ̀ pé òun ni.

"Èló?" ni mo bi í.

Ó ní, "Orúkọ mi ló dá ọ lóhùn. Ẹ̀yà mọ́tò, ẹ̀yà ara. Fún mi ní ojú ọ̀tún rẹ."

"Ojú ọdẹ kẹ̀? Kí n máa yìnbọn lu ìyàwó mi?"

"Ẹsẹ̀ kan."

"Ta ni yóò gbé mi délé?"

"Ahọ́n rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Bí o bá gba ahọ́n mi, ó kúkú sàn kí o pa mí." Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Mo jókòó sórí táyà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ara mi láti orí dé ẹsẹ̀: kí ni mo ní tí n kò lò? Bí wọ́n bá bi Àwẹ̀ró, yóò ní etí mi ni. Mo fọwọ́ ra ikùn mi, ọwọ́ mi bọ́ sínú ihò kan. Mo dìde fùú.

"Ìdodo mi ńkọ́?"

Ẹ̀yà-fún-Ẹ̀yà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ikùn mi pẹ́. Ó ní, "Kí nìyẹn? Ẹnikẹ́ni kò gbé irú rẹ̀ wá rí."

Mo ní, "Ibi tí okùn ti so mí mọ́ ìyá mi nígbà tí mo wà ní inú rẹ̀ ni."

Ó ní, "Èmi kò ní." Mo wò ó: òótọ́ ni, àárín ikùn rẹ̀ tẹ́jú bí àwo. Kò sí ẹni tó bí ẹbọra, ẹ̀yin ènìyàn mi. Orí igi tàbí inú àpáta ni wọ́n ti ń yọ. Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó lé làálì sí mi. Ó ní, "Fún mi. Jọ̀wọ́."

Mo ní kó yọ ọ́. Kò dùn mí, ó kàn rìn mí gìrìgìrì ni. Ẹ wò ó, mo ká aṣọ sókè: ṣé ẹ rí ìdodo kankan? Láwuyì, sún mọ́ ibí, kí o fọwọ́ kàn án. Ó dáa, tójú rẹ bá ti gbà á, padà síbi tí o wà.

Ẹbọra náà fi ìdodo mi lé ikùn rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Lójijì ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín irin, ó la ẹnu, ó pariwo pé, "Màámi! Màámi o!" Omi ń dà lójú rẹ̀ bí àgbàrá. N kò mọ ohun tí ènìyàn ń ṣe fún ẹbọra tó ń sunkún ìyá tí kò ní. Mo jókòó tì í, mo sì ń fi ọwọ́ lù ú lẹ́yìn, níbi tí mo ti rí ẹ̀yìn. Ìyá tèmi náà ti kú. Nígbà tó ṣe, ó nu imú, ó dìde, ó gbé sítíárìn fún mi, ó sì fi ọ̀nà àbùjá hàn mí tí ó já sí ẹ̀yìnkùlé Bàbá.

Àwẹ̀ró wà lábẹ́ mọ́tò nígbà tí mo dé. Ó yọ orí. Kò kí mi. Ó gba kabúrétọ̀, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní, "Kí lẹ fi fọ̀ ọ́?" Mo ní kó má bèèrè. Ó wá fi ọwọ́ nu ojú mi tó dọ̀tí, ó tún fi òróró gíá kùn mí.

Nígbà tí ó ti dè wọ́n mọ́ ibi tó yẹ tán, ó da bẹntiróòlù sí i, ó fi irin yí ẹ́ńjìnì. Mọ́tò náà wúkọ́. Bàbá wúkọ́ láti inú ilé. Ó tún un yí, mọ́tò tún wúkọ́, Bàbá náà dá a lóhùn. Wọ́n ṣe é báyìí títí ọwọ́ Àwẹ̀ró fi bó. Mo ní kí ó jẹ́ kí n gbà á, ó ní kí n kúrò lọ́dọ̀ òun. Ó tún un yí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ni mọ́tò bá bú ramúramù, adìẹ fò gun òrùlé.

"Àwẹ̀ró!" Bàbá ké. "Kí ni mo gbọ́ yẹn?"

"Ó ń mí, Bàbá! Ó ń mí!"

A gbé Bàbá jáde. Kò kọ́kọ́ wọ inú mọ́tò. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú mọ́tò, bí ẹni tó ń wò bóyá ibà ń ṣe ọmọ. Ó ní, "Ó ń gbóná." Àwẹ̀ró ní, "Ó yẹ kó gbóná, Bàbá." Ó mi orí. A gbé e sí ìdí sítíárìn, ọmọ rẹ̀ jókòó tì í. Níwọ̀n bí àyè méjì péré ti wà, èmi akọni tó jáde láti inú imú iwin, èmi ni mo ń sáré tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, tí mo sì ń ti mọ́tò bí ó bá kan òkè!

Bàbá wa mọ́tò náà yí gbogbo ìlú ká. Ó wà á gba iwájú ààfin, ó wà á gba àárín àwọn olóyè tó ń ta ayò, àwọn olóyè kó sí kòtò. Kò tọrọ àforíjì. Ó ń rẹ́rìn-ín, afẹ́fẹ́ sì ń gbé ẹ̀rín náà kí ikọ́ tó lè gbà á. Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó padà sí ẹnu ọ̀nà ilé. Àwẹ̀ró na ọwọ́ láti pa ẹ́ńjìnì.

Bàbá ní, "Má pa á. Jẹ́ kí n máa gbọ́ ọ."

A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé orí ti àga, ó di ojú. Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ lórí sítíárìn, kò sì gbé e kúrò fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó wò mí, ó ní, "Ẹ wá bá mi gbé e wọlé."

Àwọn àgbà dé. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n tẹ́ ẹ. Ọ̀kan nínú wọn ní kí a gbẹ́ ilẹ̀ gbòòrò kí a sin mọ́tò náà pẹ̀lú rẹ̀. Àwẹ̀ró dìde ní àárín wọn, ó ní, "Bàbá mi ló kú. Mọ́tò ò kú." Lóòótọ́, a ń gbọ́ ọ níta tó ṣì ń mí.

Kò sẹ́ni tó gbójú láti pa á. Àwẹ̀ró jáde, ó jókòó sí ìdí sítíárìn, ó ní, "Ẹ wọlé, Bàbá Tinúọlá." Mo wọlé. A gba ọ̀nà oko lọ. Kò sọ̀rọ̀, èmi náà kò sọ̀rọ̀, ẹ sì mọ̀ pé ìyẹn kò rọrùn fún mi. A ń lọ, a ń lọ, títí mọ́tò fi rọra dákẹ́ láàárín igbó ọ̀pẹ. Ibi tí epo ti tán ni ẹkún Àwẹ̀ró ti bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó tì í títí ó fi sun ún tán. Lẹ́yìn náà a sọ̀ kalẹ̀, ó mú ẹ̀gbẹ́ kan, mo mú ẹ̀gbẹ́ kejì, a sì ń tì í bọ̀ wá sílé.

Ohun tí ojú mi rí nìyẹn, mo ti kó o fún yín. Ẹ dìde lórí ẹní mi.